Fújì Inú Kásẹ́ẹ̀tì Gbígbó

Ẹni tó bá mọ fújì láti orí àwo nìkan kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Àwo ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ojú kan àwo ńlá kì í sábà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, bẹ́ẹ̀ fújì jẹ́ orin ojú agbo, orin tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlejò bá ti jẹun tán, tí ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Síkírù Àyìndé Barrister, ẹni tó dá fújì sílẹ̀, mọ èyí dáadáa. Lórí púpọ̀ nínú àwo rẹ̀, orin kan ṣoṣo ló máa ń na ojú àwo já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé fújì kò gbà kí wọ́n máa gé òun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Síbẹ̀ náà, àṣàyàn ni ohun tí olórin ń kó wọ sítúdíò. Òde ni odindi iṣẹ́ náà wà.

Ohun tó wà lóde yìí ni àwọn ènìyàn wa fi kásẹ́ẹ̀tì gbà sílẹ̀, tí wọ́n pè ní live play. Àwọn oníṣòwò orin tẹ òmíràn jáde, wọ́n lẹ fọ́tò olórin mọ́ ọn lára, wọ́n tà á lọ́jà. Ti àwọn yẹn kọ́ ni mò ń sọ níbí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí olóde fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sórí àga gbà, tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ ìlú sí lára, tí ohùn inú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀, tó ń hó ṣàà. Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan lè ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi nǹkan gidi sí i. Gbígbọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà, ọ̀nà náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀, torí pé nǹkan gidi wà nínú rẹ̀ ju bí etí ṣe kọ́kọ́ ń sọ fúnni lọ.

Ẹ̀jìnrìn ni mo ti fẹ́ mú àpẹẹrẹ. Ìlú ọjà ni, létí ọ̀sà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọjà Ẹ̀jìnrìn wà lára ibi tí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń bá Èkó ná: àwọn ará òkè á ru ẹrù oko wá, àwọn ará Èkó á fi ọkọ̀ kó ẹrù òyìnbó gba orí ọ̀sà wá pàdé wọn. Ìlú tí ajé ti gbé bẹ́ẹ̀ rí kì í ṣàì mọ ìnáwó ṣe. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè yẹn, pàápàá ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kó àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, lọ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó lọ́dún 1851. Ọdún Káyókáyó ni àwọn ọmọ wọn, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, fi ń rántí dídé náà títí di òní. Níbi tí Mùsùlùmí Yorùbá bá sì pọ̀ sí, ẹ ó bá wéré níbẹ̀, orin tí àwọn ọmọkùnrin fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Rámádàánì. Inú wéré yìí ni Barrister ti fa fújì yọ. Nítorí náà, kò yẹ kó yani lẹ́nu bí ẹ bá bá páálí kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà kan ní Ẹ̀jìnrìn: ìsìnkú, ìkómọ, ìgbéyàwó, àbọ̀ Mẹ́kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórin tirẹ̀.

Irú ọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, C90, ìṣẹ́jú 45 lójú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbà níbi òkú àgbà. Olórin inú rẹ̀ kò ṣe àwo rí. Kò bá Barrister ṣiṣẹ́ rí náà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé ohùn, bó ṣe ń fi àdúrà wọlé, bó ṣe ń já orin sílẹ̀ lójijì kí ìlù lè sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí Barrister là ni gbogbo rẹ̀. Irú wọn pọ̀ nígbà náà ní gbogbo ìlú etí ọ̀sà. Bí wọ́n bá ń sọ pé olórin kan yí orin ìran kan padà, inú irú kásẹ́ẹ̀tì báyìí lẹ ti máa rí ẹ̀rí rẹ̀, lẹ́nu àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè sí sítúdíò. Ká ní wọn kò gbé rẹ́kọ́dà lọ síbi ìnáwó yẹn, iṣẹ́ ọkùnrin náà ì bá ti lọ pátápátá. Ti àwọn ọ̀gá pàápàá ń bọ́ sọnù. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá àpàlà, kú ní Abẹ́òkúta lóṣù karùn-ún ọdún 1980. EMI tẹ àwo rẹ̀ jáde, wọ́n ṣì wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ òru tó fi kọrin lóde kò sí lórí àwo kankan.

Kí a tó tẹ́tí, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe gbà á. Ní 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà mìíràn, dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Igbó, sítúdíò tó lè gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú irú ibẹ̀, gángan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, olórin ní tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, wọ́n lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí onílù bá ti lọ sílé. Rédíò kásẹ́ẹ̀tì orí àga ní máìkì kan ṣoṣo, kò tóbi ju orí ìka lọ, inú ara ẹ̀rọ náà gan-an ló sì wà. Ihò kan náà ni ohun gbogbo ń gbà wọlé: orin, ìlù, jẹnẹrétọ̀, abọ́ tó já bọ́, àti ìró mọ́tò tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ń da ọ̀pọ̀ olùgbọ́ láàmú. Púpọ̀ nínú rẹ́kọ́dà kékeré kì í jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó díwọ̀n ohùn tó ń wọlé. Ẹ̀rọ náà ló ń dá a ṣe. Bí ariwo bá ta wọlé, á tẹ ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ bá rọlẹ̀ díẹ̀, á tún fà á sókè. Ìdí nìyẹn tí ohùn olórin fi máa ń rì nígbàkígbà tí ìlù bá ta kíkan, tí á sì tún léfòó lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí kan náà ló ń mú kí jẹnẹrétọ̀ hó wá sókè nígbà tí orin bá dákẹ́, tó fi dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni. Nígbà tí ohùn olórin bá rì bẹ́ẹ̀, kò dákẹ́, kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ èyí á mú sùúrù de ohùn náà, kò ní máa yí bọ́tìnì kiri. Ẹ tún lè fi mọ ibi tí rẹ́kọ́dà wà. Lórí kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀jìnrìn yìí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń ti olórin mọ́lẹ̀ jù lọ, kì í ṣe gángan. Ẹ̀gbẹ́ oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé àga náà sí, jìnnà díẹ̀ sí àpótí tí ohùn olórin ń gbà jáde.

Ó wá kan títọ́jú kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rinrin ọ̀sà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo etí téèpù láti ojú fèrèsé kékeré tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti bu, ẹ ó rí funfun fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹ má tíì fi í sínú ẹ̀rọ, torí pé ó lè lẹ̀ mọ́ra kó já, ó sì lè ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀lé e. Ẹ ti bírò bọ ihò rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i síwájú sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí á fi tú. Lẹ́yìn náà, ẹ ki òwú bọ spíríìtì, kí ẹ fi nu orí ẹ̀rọ, ibi tí téèpù ti ń fara kan irin. Púpọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti sọ pé ó bàjẹ́, ìdọ̀tí orí ẹ̀rọ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Orí ẹ̀rọ yẹn tún gbọ́dọ̀ dúró bí ti ẹ̀rọ tó gba orin náà sílẹ̀ ṣe dúró. Bí ti olóde bá tẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí tiyín sì dúró ṣánṣán, gbogbo ìró tó mú ló máa kúrò. Súkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé kò sí ohun èlò fújì mìíràn tí ìró rẹ̀ ń tètè sọnù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá ń ta ṣáṣá, tí kò hó hùù mọ́, ẹ jáwọ́ nínú súkúrù.

Ọ̀rọ̀ ìyára ló kù. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì yẹ kó máa rìn sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì bá ń kú lọ nígbà tí wọ́n ń gbà á, téèpù á máa wọ́. Bí ẹ bá wá fi iná tó péye gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, orin á máa sáré, ohùn á sì gòkè. Ìyàtọ̀ bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó láti gbé ohùn láti orí bọ́tìnì dùùrù kan bọ́ sórí èyí tó tẹ̀lé e. Ní ìparí ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀jìnrìn, àwọn àgbàlagbà inú rẹ̀ ti ń ní ohùn ọmọdé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sọnù, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Gángan kì í fi bí ohùn ṣe ga tó sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ àárín òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ gòkè pọ̀, ìyàtọ̀ náà ṣì wà níbi tó wà. Ẹ wá wo ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe fún téèpù àti ohun tí àdàkọ ń ṣe fún un. Ìró tó mú, irú èyí tó wà nínú s, ṣ, f àti k, ló kọ́kọ́ ń kú. Ìró ìsàlẹ̀, èyí tó gbé dò, re, mí, ló ń pẹ́ láyé. Kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó á gba kọ́ńsónáǹtì kúrò lẹ́nu olórin, á fi ohùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìwásẹ̀. Etí tó ti kọ́ láti gbọ́ ìlù ti mọ iṣẹ́ yìí kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé. Èrò mi ni pé ìdí pàtàkì nìyí tí àwọn àgbà wa fi lè jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì tí àjèjì á pè ní ariwo lásán, tí wọ́n á sì máa mi orí, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rín.

Ìlànà fújì fúnra rẹ̀ tún ń ran etí lọ́wọ́. Olórin á sọ ọ̀rọ̀, elégbè á gbà á, onígángan á tún un sọ. Ìgbà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan ń kọjá lójú máìkì. Mo máa ń gbọ́ ojú kan lódindi láìdá a dúró, kí n lè mọ bí òde ṣe rí. Tí mo bá padà, onígángan nìkan ni mò ń tẹ̀ lé, mo máa ń fi olórin sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí àárín ojú kìíní, olórin bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóòkú. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bo orúkọ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Elégbè gbà á, ohùn wọn lọ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ó hàn pé orúkọ onísílébù mẹ́rin ni. Gángan wá gbé e: dò, dò, mí, dò. Ó tún un lù, dò, dò, mí, dò, láìsí ẹlòmíràn tó ń pariwo lásìkò náà. Bùràímọ̀ bá a mu. Orúkọ mìíràn lè bá a mu náà, torí náà mi ò dúró síbẹ̀. Olórin tẹ̀ síwájú, ó mẹ́nu ba ọkọ̀ ojú omi, ó mẹ́nu ba pákó. Nígbà tí mo gbé e fún bàbá kan ní Ẹ̀jìnrìn gbọ́, kò jẹ́ kí gángan parí ọ̀rọ̀ tó fi dárúkọ ẹni náà, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sì sọ ibi tí ilé wọn wà. Orúkọ tí olórin pè tí etí mi kò gbà, ìlù ti pa á mọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn orúkọ ni owó. Owó kì í dún lórí kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìrìn orin ń fi í hàn. Bí olórin bá pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan tó sì kọjá, ẹni náà jókòó síbi tó wà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúkọ kan pè, tó kì í, tó kí ìyá rẹ̀, tó kí ìyàwó, tí ìlù sì rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti dìde, ó ń lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí. Lórí kásẹ́ẹ̀tì yìí, ibì kan wà tí olórin ti wà lórí orúkọ kan náà títí tí èmi fi rò pé ó há síbẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ariwo àwọn obìnrin lẹ́yìn ni mo mọ̀ pé àwọn méjì ló ń fi owó bára wọn du ipò, tí olórin kò sì fẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn lọ jókòó. Kò sí sítúdíò tó lè ṣe èyí jáde.

Àwọn ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́kọ́dà ńkọ́? Obìnrin kan sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi yé ju ti olórin lọ. Ó ń bínú pé ẹja kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìkòròdú, pé ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn yẹn padà lọ sọ̀rọ̀ ìdílé láìdáa ni. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn tọkàntọkàn. Ó fi yé mi pé àlejò tó ti Ìkòròdú wá pọ̀ débi tí wọ́n fi ní ìjókòó tiwọn, ó sì jẹ́ kí n mọ ìdí tí olórin fi yà sí oríkì Ìkòròdú láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Ayé mìíràn náà mọ irú gbígbọ́ yìí. Ní New York, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1970, Brigid Polk fi rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì gba eré ẹgbẹ́ orin rock Velvet Underground sílẹ̀ ní ilé fàájì kan tí wọ́n ń pè ní Max's Kansas City, lálẹ́ tí Lou Reed, olórin wọn, bá wọn kọrin kẹ́yìn kó tó kúrò láàárín wọn. Wọ́n tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà jáde lórí àwo ní 1972; nínú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ Jim Carroll, akéwì, tó ń béèrè ọtí láàárín orin. Ẹgbẹ́ Grateful Dead lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 1984 ni wọ́n ti ya ìjókòó sọ́tọ̀ níbi eré wọn fún àwọn tó bá gbé rẹ́kọ́dà wá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ níbì kan tó ṣe pàtàkì. Lórí kásẹ́ẹ̀tì Max's, ohùn àwọn oníbàárà ń gba ẹ̀gbẹ́ orin kọjá ni. Nínú fújì, èrò ìjókòó ni orin ń kọ nípa wọn. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, olórin kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ.

Ẹ kíyè sí ìran kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n á dà á kọ fún ẹ̀gbọ́n ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n á dà á kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Muṣin, híhó tuntun á sì máa gun orí híhó àtijọ́. Bí orin bá parí lójijì, tí híhó sì ń bá a lọ díẹ̀ kí ẹnìkan tó pa ẹ̀rọ, àdàkọ ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ìyá rẹ̀ lọ bí ẹ bá mọ ilé tó ti jáde.

Láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, wáyà kan láti ihò etí rédíò ti tó, pẹ̀lú Audacity tí wọn kì í ta. Ẹ fi WAV pa á mọ́. MP3 tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí fóònù lè tẹ̀lé e. Ìyára nìkan ni mo gbà pé kí ẹ tún ṣe, lórí ẹ̀dà kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ bá yín "fọ ariwo" kúrò. Ibi tí híhó téèpù ń gbé ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ọ̀kan kò sì ní lọ kí èkejì kù. Mo ti gbọ́ irú àwọn tí wọ́n fọ̀ bẹ́ẹ̀: orin mọ́ kedere, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti kú, gángan ti di igi, obìnrin tó ń béèrè ẹja ti lọ.

Ohun tó ń kánjú jù ni àwọn tó mọ orúkọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá wọn nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́, kí ẹ sì fi fóònù gba ohun tí wọ́n ń sọ bí orin ṣe ń lọ: ta ni wọ́n ń kì, ta ni onígángan, ọmọ ilé wo ni olórin. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wáyé, kí ẹ sì ká ìwé náà sínú páálí kan náà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì. Ojú kìíní ti Ẹ̀jìnrìn ti ní ìwé tirẹ̀ báyìí. Ti ojú kejì, tí bátìrì ń kú lọ nínú rẹ̀, ń dúró de ìgbà tí mo bá dá ìyára rẹ̀ padà sípò.